Adágún Sun Moon: ibi tí omi ti bo ilẹ̀ onílẹ̀

Bọ́ọ̀sì tó gbé wa láti ìlú Taichung mọ́ tónítóní, ó sì dé lákòókò. Ọkọ̀ ojú omi tí mo wọ̀ lórí Adágún Sun Moon, láàárín gbùngbùn Taiwan, ni ó bà mí nínú jẹ́. Atọ́nà wa sọ ìtàn àgbọ̀nrín funfun tí àwọn ọdẹ Thao, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, lé títí wọ́n fi rí adágún náà, ó sì sọ̀rọ̀ tíì títí ó fi sú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ Lalu, erékùṣù kékeré tó dá dúró sáàárín omi, ó ní kí a ya fọ́tò, a sì kọjá lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn Thao, tí wọn kò tó 1,000 lónìí, gbà pé Lalu ni ẹ̀mí àwọn baba ńlá wọn ń gbé. Láyé ìjọba Qing, àwọn ọba tó ń ṣàkóso Ṣáínà nígbà náà, ni àwọn àgbẹ̀ láti Ṣáínà ti ń gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Japan, tó gba Taiwan ní 1895, wá sé omi náà nítorí iná mànàmáná, nígbà tó sì fi máa di 1934, adágún ti kún bo èyí tó pọ̀ jù nínú Lalu àti oko tó yí i ká, wọ́n sì kó àwọn onílẹ̀ lọ sí ibi tí à ń pè ní Ita Thao báyìí. Ìjọba tó dé lẹ́yìn 1945 sọ Lalu di Guanghua, ojúbọ òrìṣà ìgbéyàwó àwọn ará Ṣáínà sì wà lórí rẹ̀ títí ìmìtìtì ilẹ̀ 1999 fi wó o. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó dá orúkọ rẹ̀ padà. Ọdún 2001 ni ìjọba tó gbà pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni àwọn Thao.

Ní Ita Thao, òǹtajà kan fẹ́ gba 900 dọ́là Taiwan lórí ìborùn tó pè ní ìhun Thao. Mo yí etí rẹ̀ wò, mo rí àmì ilé iṣẹ́ tí wọ́n rán mọ́ ọn, mo sì dá a padà fún un. Inú bí mi gidigidi, nítorí orúkọ àwọn ènìyàn yìí ni wọ́n ń tà.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta ìrẹsì gígún tí a yí nínú ẹ̀pà lílọ̀ ni ara ti tù mí. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì gbóná láti inú odó. Mo fi fóònù túmọ̀ ìbéèrè mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Thao ni yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé pé agbọ̀n kan wà nílé wọn tí wọ́n ń kó aṣọ àwọn òkú ìdílé sí, àti pé àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn ni láti máa pe àwọn baba ńlá ní ń bójú tó ètùtù rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ bí ìdílé ṣe ń tọ́jú ẹ̀kú eégún yóò lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá lọ, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ bi atọ́nà léèrè ibi tí àwọn Thao ń gbé kí omi tó bò ó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Ẹ fi èbúté sílẹ̀, kí ẹ wọ àwọn òpópónà ẹ̀yìn Ita Thao, ibẹ̀ ni ẹ ti lè rajà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ fúnra wọn.