2022: omi wọlé, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé ọkọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ẹ mọ bí àyẹ̀wò ọdún mi ṣe máa ń rí. Mo máa ń mú un láti oṣù kìn-ín-ní, màá ka ohun tí mo pinnu, màá ka èyí tí mo ṣe níbẹ̀, màá fi ìyókù ṣe yẹ̀yẹ́ ara mi. Ti ọdún yìí kọ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wẹ̀yìn wò, oṣù kẹwàá ló dí mi lójú. Oṣù kìn-ín-ní, mi ò rántí. Oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ó dá mi lójú pé mo wà láyé torí mo rí fọ́tò. Oṣù karùn-ún, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ nígbà náà, n ò ní tún un kọ. Lẹ́yìn náà, omi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn èyí tí ẹ ń bi mí jù: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti ṣe ìdána mi. Mo pé ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ́dún yìí. Ẹ̀yin àǹtí tí ẹ ti ń gbààwẹ̀ lé mi lórí, ẹ lè jẹun wàyí. Oṣù kẹta ló yẹ kó wáyé, àmọ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì gan-an, ọjọ́ tí àwọn olólùfẹ́ ń ra ṣokoléètì fún ara wọn, làwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Ìjọba náà ní ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní í gbowó oṣù. Bí Olùkọ́ wa, àfẹ́sọ́nà mi, ṣe di ọ̀mọ̀wé tí kò ní kọ́bọ̀ nìyẹn. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó wá bá wa roko lóṣù kẹfà, àbúrò mi ní òun ò tíì rí ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ tí ọkọ́ ń bẹ̀rù tó báyìí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró. Ẹrù ìdána ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ẹbí rẹ̀ ò sì dúró kí owó oṣù wọlé kí wọ́n tó ránṣẹ́ pé Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, 22 oṣù kẹwàá, làwọn ń bọ̀.

Kò sí ọmọ etí odò Ògùn tó ń fi ìnáwó sí oṣù kẹwàá. Màámi sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló máa gbójú sọ fún ẹni ọdún márùndínlógójì pé kó tún ní sùúrù díẹ̀?

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ń pè ṣáá: “Ṣé omi Kamẹrúùnù ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín?” Ó ti rí Lọ́kọ́ja lórí tẹlifíṣọ̀n, òrùlé ilé nìkan ló yọrí. Ẹ bá mi sọ fún un. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù, odò Bẹ́núé ló gbà lọ bá Odò Ọya. Odò Ògùn ò bá wọn tan. Ọ̀yán ni tiwa. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán, nígbà Ṣàgàrí, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè máa rí omi ẹ̀rọ mu. Mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi ló ń gbà. Tí òjò oṣù kẹsàn-án bá kún un dé ẹnu, wọn ò lè ṣàì ṣí i, torí bí dáàmù bá fọ́, kò ní í ku ẹni tó máa ṣàyẹ̀wò ọdún nísàlẹ̀ níhìn-ín. Wọ́n á ṣí i, Ọ̀yán á gbé e fún Ògùn, Ògùn á gbé e fún ìhà Mókólókí tiwa kó tó gbé e dé Ìṣẹ̀rì àti ọ̀sà. Wọ́n tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ mẹ́ta sídìí dáàmù yẹn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè pèsè iná megawatt 3. Ọdún gọbọi làwọn ẹ̀rọ náà fi jókòó láìtan gílóòbù kan. Nínú ohun tí Ọ̀yán lè fún ni, omi la ṣì ń rí gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìdána ló wọ àkùrọ̀. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé tí omi bá pẹ́ nídìí ẹ̀, yóò rà sínú ilẹ̀, òórùn rẹ̀ nìkan á lé èèyàn kúrò lóko. Tó o bá sì fà á tu, ọjọ́ méjì mẹ́ta lo ní kó tó dúdú nínú. Gbogbo abúlé ló wá fà tu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, èyí tó wà lókè nítòsí ilé ìwé, kò sinmi tọ̀sán tòru. Àpò tó yẹ kó sùn lábẹ́ jáàkì títí yóò fi kan dáadáa, wákàtí díẹ̀ ló lò, torí ẹlòmíràn ti dúró pẹ̀lú àpò tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gàrí wa ọdún yìí ò fi kan rárá. Ará Ìjẹ̀bú kan wá rà á, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó wò wá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ lọ́jà wa, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Èkó ń pariwo pé gàrí ti gbówó lórí.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyàwó ọ̀tunla jókòó ti agbada. Igbá àfọ́kù wà lọ́wọ́ mi, mò ń ti gàrí síwá, mò ń fà á sẹ́yìn kó má baà dì. Èéfín wọnú irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ dì ní Ọ̀wódé, oje ẹ̀gẹ́ gan mọ́ mi léèékánná, omijé èéfín ń bọ́ sínú ohun tí ẹlòmíràn máa fi omi tútù mu. Ọmọbìnrin tó wá kùn mí lójú lọ́jọ́ Sátidé gbóòórùn ọrùn mi, ó béèrè irú lọ́fínńdà tí mo lò. Mo ní ti abúlé wa ni, kò sí lọ́jà.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni omi wọ ojúlé. Ẹ mọ ibi tí a sin Bàámi sí, iwájú ilé níbi tó máa ń gbé àga rẹ̀ sí nírọ̀lẹ́. Táìsì funfun tí a fi bò ó ò tíì pé oṣù márùn-ún. Mo dúró lórí bẹ́ǹṣì, mò ń wo omi bó ṣe ń gun táìsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi bo orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé mò ń fi ọwọ́ gbọ́n omi kúrò lórí orúkọ yẹn, ó sì ń padà wá, àbúrò mi ló fà mí dìde. Bàámi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń fọ ilẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, á ní irú òtútù yìí ló ń pa àgbà! Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi.

A gbé ìdána lọ sílé Àǹtí ní Ọ̀fàdà. Ọlọ́kọ̀ tó ń gbà igba náírà lọ́wọ́ wa sọdá gbọ́ pé ìyàwó ni, ó di ẹgbẹ̀rún kan. Aṣọ òkè wà nínú nylon, nylon wà nínú báàgì, báàgì wà nínú bààfù, bààfù wà lórí Màámi, Màámi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Olùkọ́ fi fóònù béèrè bóyá kí òun wá pàdé wa létí omi. Mo ní kó dúró síbi tó wà, pé ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé omi.

Ìdána náà dùn. Alága ìjókòó wa gba owó ọ̀nà, ó gba owó ẹsẹ̀ tútù, ó gba owó “ẹ wo bí ìyàwó ṣe fi ọkọ̀ ojú omi wá yín wá.” Nígbà tó kàn mí láti kúnlẹ̀ gbàdúrà, Bọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàámi, ló jókòó sípò náà. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún mi rí pé ohùn wọn jọra. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, “Ọmọ mi, wàá lọ ire,” mi ò gbé ojú sókè. Tí mi ò bá wò ó, ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Alága ní ẹkún ìyàwó ni, ó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹja. Bàbá Ẹlẹ́ja, tí kòtò ẹja rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀nà, omi kó gbogbo ẹ̀ jáde. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn ọmọdé ń fi àwọ̀n ẹ̀fọn kó ẹja àrọ̀ lójú títì. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ẹja inú ọbẹ̀ ìdána pọ̀ ju èyí tí a rà lọ. Bàbá Ẹlẹ́ja jẹ, ó lá ọwọ́, ó ní, “Ẹja yìí mọ̀ mí.” Gbogbo ilé dákẹ́. Màámi ní kí wọ́n fi méjì sí i fún un. Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwìn ló ti ń ra oúnjẹ tó fi bọ́ wọn, di bí mo sì ṣe ń kọ èyí, kò tíì da ọmọ ẹja kankan padà sínú kòtò náà.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà lẹ́yìn ìdána. Màámi tú ìrọ̀rí tó ń kó owó sí, gbogbo ẹ̀ ti rin. Ó sá a sórí páànù, ó fi òkúta kéékèèké tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, rédíò ní báńkì àpapọ̀ máa pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, pé ti àtijọ́ ò ní í ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn 31 oṣù kìn-ín-ní. Màámi wo rédíò, ó wo páànù, ó ní, “Ṣé kí n máa sá a lọ ni, àbí kí n dá a padà sínú omi?”

Àwọn kan wọ bàtà rọ́bà wá, wọ́n kọ orúkọ wa, wọ́n ya fọ́tò kànga tí a ti ń fi álọ́ọ̀mù tọ́jú. A ṣì ń retí wọn. Àwọn míì ń béèrè lórí rédíò pé kí ló dé tí àwọn ará etí odò ò fi kó kúrò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ ló ń hu ẹ̀fọ́ tí Èkó ń jẹ lẹ́ẹ̀rùn, ibo la fẹ́ kó àkùrọ̀ lọ? Ibo la fẹ́ kó iwájú ilé lọ? Mo dúpẹ́ ṣá. Ìjọba ní ó lé ní 600 èèyàn tí ìkún omi pa ní Nàìjíríà lọ́dún yìí. Lọ́dọ̀ wa, onígbáméjì ò wọlé, adìyẹ ló kú, àti ògiri ilé ìdáná. A ti fọ táìsì náà. Ọ̀kan ti ṣí létí, Olùkọ́ ló fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ padà, ó wọ́ díẹ̀, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Owó oṣù Olùkọ́ ti ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ni wọ́n san ti oṣù kẹwàá. Àmàràǹtì ti yọ lákùrọ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, ìdìbò ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ pinnu ohunkóhun fún 2023 sétígbọ̀ọ́ odò Ògùn. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì á wáyé ní Sátidé 4 oṣù kejì, lágbára Ọlọ́run. Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ mú oṣù kẹwàá wá, ó ní oṣù náà tutù dáadáa. Ìpàdé yẹn ò pẹ́. Aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, ẹ tètè sanwó. Màámi ní ẹni tó bá fẹ́ san án ní owó àtijọ́, kó ti sá a wá.