Mo gbé ògùrọ̀ lọ sí etí odò l'Ẹ́lẹ́yẹlé

Láti ọjọ́ Ajé ni inú mi ti ń dùn sí ìrìn yìí. Àwa mẹ́jọ la dájọ́ pé a ó lọ gbin igi ògùrọ̀ sétí odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣán gbogbo igbó kúrò. Èmi ni mo ní kí n gbé ọmọ igi 20 bọ̀ láti Bódìjà.

Micra tí mo wọ̀ ló bà mí nínú jẹ́. Bí a ṣe kó igi sí búùtù tán, dírẹ́bà ní, "Àǹtí, owó èrò méjì ni ẹrù yìí o." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, búùtù ló wà, kò gba ìjókòó ẹnikẹ́ni." Kò dá mi lóhùn, ó kàn ti búùtù gbàgà! Nígbà tí a máa sọ̀ kalẹ̀, ewé mẹ́ta ti ṣẹ́, ọ̀rá méjì ti ya. Ó tún ní kí n sanwó yẹ̀pẹ̀ tó dà sí ọkọ̀ òun. Mo san owó èrò méjì, mi ò san ti yẹ̀pẹ̀. Ìwà yẹn ò dáa rárá. Ọmọ igi tí ẹnì kan ti fi ọ̀pọ̀ oṣù bomi rin! Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀gbìn gbé n'Ìbàdàn, ẹ to ó sínú bàsíà, kẹ́ ẹ sì parí ọ̀rọ̀ owó ẹrù kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Tó bá pọ̀, ẹ gba dúrọ́ọ̀pù.

Inú ṣì ń bí mi nígbà tí mo débẹ̀. Ọdún 1942 ni adágún yìí ti wà, látìgbà tí wọ́n ti dí odò Ọ̀nà, omi rẹ̀ la sì ń mu. Igi tíìkì, tí kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, ni wọ́n gbìn sí ẹ̀bá rẹ̀. Abẹ́ tíìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ hu koríko, bí òjò bá rọ̀, yẹ̀pẹ̀ á máa wọ́ lọ sódò.

A ti gbin mẹ́fà sókè kí bàbá apẹja kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ igi rẹ̀.

"Ọmọ mi, ibí yìí ti gbẹ jù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ń rì. Ibi tí omi ń bò bí òjò bá dé ni àrọ̀ ń yé sí, láàárín koríko àti gbòǹgbò."

Ó tún fi ibi tí omi ò ti jìn hàn wá, níbi tí èpìyà ti máa ń gbẹ́ ìtẹ́ sí ìsàlẹ̀ omi. Ẹrẹ̀ ti bò ó pátá. Bí ògùrọ̀ bá dàgbà, gbòǹgbò á di ilẹ̀ mú, ibòji ewé rẹ̀ á tu omi lára, kòkòrò á máa já bọ́ sẹ́nu ẹja, ẹ̀gà náà á sì rí màrìwò ya fún ìtẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ìbínú mi ṣe rọ̀.

A hú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a tún wọn gbìn sínú ẹrẹ̀. Bàbá tẹ ìdí àwọn mẹ́ta tí ewé wọn ṣẹ́, ó ní ọkàn wọn ṣì le. A gbìn wọ́n kẹ́yìn, a so wọ́n mọ́ ọ̀pá. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa padà lọ wò wọ́n.