Olú Onífe Lójú Ọ̀nà Olúmirìn

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Omi Olúmirìn ni gbogbo ayé ń lọ wò níbẹ̀, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje. Ìpele kìíní lèrò máa ń pọ̀ sí jù: wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tọwọ́ bọmi, wọ́n á padà sílé. Èmi fẹ́ gòkè sí i, torí pé àsìkò òjò ni, igbó sì ti rin gbindin. Àsìkò olú nìyẹn.

Òkè yẹn ga, ó tún ń yọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣamọ̀nà wa ń fò láti orí òkúta kan dé òmíràn, èmi ń di gbòǹgbò mú. A ti kọjá ìpele kejì nígbà tí mo rí igi ńlá kan tó ti wó, tí èèpo rẹ̀ ti ń jẹrà. Ife wẹ́wẹ́ ló bo ara rẹ̀! Wọ́n pọ́n bí inú gúáfà, ọ̀pọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ, ẹsẹ̀ tín-ín-rín ló gbé wọn dúró, omi òjò sì wà nínú wọn.

“Àǹtí, ẹ má jẹ ẹ́ o.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, wíwò ni mo wá wò. Ó lóṣòó tì mí. “Kí ni wọ́n ń pè é?”

Ẹ̀yà rẹ̀ kò ṣòro. Cookeina ni; orúkọ Mordecai Cubitt Cooke, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó mọ̀ nípa olú gan-an, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ń gbé, lórí igi tó ti kú. Olú onífe mìíràn, Phillipsia domingensis, náà máa ń pupa lórí igi báyìí, ṣùgbọ́n òun tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀.

Irú Cookeina tó jẹ́ gan-an ló ń fa àríyànjiyàn. Mo yọ awò kékeré mi, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Lápá ìdí igi náà, irun gígùn ló yọ yí ẹ̀yìn ife kọ̀ọ̀kan ká: Cookeina tricholoma nìyẹn, kò sí àní-àní. Lápá orí igi, ẹ̀yìn ife ń dán, irun kúkúrú díẹ̀ ló wà létí ẹnu rẹ̀. Ìyẹn lè jẹ́ Cookeina sulcipes, ó sì lè jẹ́ Cookeina speciosa. Àwọ̀ kò lè là wọ́n, torí àwọ̀ ń yí láti ara ọ̀kan sí èkejì, àfi máíkírósíkóòpù. Mo kọ “Cookeina” sínú ìwé mi, mo fi mọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wo fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń fi àwọ̀ sọ ọ́ lórúkọ, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí ìgboyà yẹn.

Mo wá ọ̀kan tí kò ní omi nínú, mo rọra mí sí i. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun fi rú jáde bí ẹni pé ó ń jóná, amọ̀nà wa sì fò sẹ́yìn. Irúgbìn rẹ̀ ni. Inú àpò tín-ín-tìn-ìn-tín ni wọ́n wà, mẹ́jọ-mẹ́jọ nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ tó kàn wọ́n bá ti yí padà, àpò á bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n tún un ṣe.

Ó tún nàka sí igi tó dúró láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ife wà lára èèpo òun náà, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, lórí àlẹ̀mọ́ eléérú kan. “Ọmọ wọn nìyí?” Rárá o. Olú ló wà nínú èyí náà, ṣùgbọ́n òun àti ohun tíntìntín aláwọ̀ ewé kan tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹ fi èékánná ha eléérú yẹn, ẹ ó rí àwọ̀ ewé lábẹ́. Ife tirẹ̀ le, kì í sì í pòórá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹ̀yin náà bá rí irú olú onífe yìí, ẹ má ya fọ́tò òkè rẹ̀ nìkan. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́, ẹ ya ẹ̀yìn, ẹ ya igi tó wà lórí rẹ̀. Amọ̀nà wa ló ya èyí tó dára jù nínú tiwa: ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀, gbogbo irun yẹn sì hàn kedere. Ìpele keje, lápá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, di ọjọ́ mìíràn.