Ìgbàsílẹ̀ 48: gìtá mi, fóònù mi àti etí Bàbá Onílù

Lálẹ́ àná ni mo ṣe ìgbàsílẹ̀ kejìdínláàádọ́ta, lẹ́yìn tí àwọn ọmọṣẹ́ ti relé tí mo sì ti da aṣọ bo máṣíìnì. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń kọ àkọsílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé aránṣọ ni mí ní Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pé gìtá onígi tí kì í lo iná ni mò ń ta, àti pé odindi ọdún méjì ni mo fi ta á láìgba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọdún méjì yẹn ń dùn mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń ta á, mo sì gbà pé mò ń tẹ̀ síwájú. Ìgbà tí mo gbọ́ ìgbàsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo tó mọ̀ pé tí ènìyàn bá ń ta gìtá, ọwọ́ ló ń gba gbogbo ọkàn lọ, etí á kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò ni. Lójú mi, orin ń lọ geere. Nínú fóònù, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kúrò ní kọ́ọ̀dù dó (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀) bọ́ sí kọ́ọ̀dù fà ni mò ń dúró díẹ̀, màá wá sáré tẹ̀lé e bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Ẹ̀yin onígìtá, ẹ mọ kọ́ọ̀dù fà: ìka ìtọ́kasí kan ṣoṣo ni yóò tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́lẹ̀ pọ̀. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, mo sì sunkún díẹ̀.

Ibi tí fóònù yóò wà gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Iwájú ihò gìtá gan-an ni mo kọ́kọ́ ń gbé e sí, torí mo rò pé ibẹ̀ ni ohùn ti ń jáde. Ó ń jáde níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú àpótí ló ń tú jáde níbẹ̀ jù, ó sì máa ń gbé ohùn àwọn okùn tó nípọn ga kọjá bó ṣe yẹ. Gbogbo rẹ̀ á máa dún búù, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò. Nísinsìnyí, ibi irin kejìlá nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni mo máa ń dojú fóònù kọ, kí àárín wọn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Níbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ bí ìka ṣe ń kan okùn. Ògiri bíríkì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, páànù ló wà lórí, ohùn a sì máa ta padà. Mo wá jókòó síbi tí mo to ìdì aṣọ sí, àǹkárá àti léèsì láti ilẹ̀ dé àyà, wọ́n ń mu àpọ̀jù ohùn bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu omi. Tí òjò bá ń rọ̀, mi ò kì í gba nǹkan kan.

Nígbà ọyẹ́, igi gìtá máa ń gbẹ, ó sì ń sún kì, okùn tí mo bá tò láàárọ̀ kì í sí níbi tí mo fi í sí mọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, kí n tó tẹ fóònù, mo máa ń wò ó lórí áàpù bóyá okùn karùn-ún, tí ohùn rẹ̀ ń jẹ́ lá, ń gbọ̀n ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ìyẹn bá ti dúró, màá fi to àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùgbọ́ ló le jù. Ènìyàn mẹ́fà ni mò ń fi ìgbàsílẹ̀ ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp níbẹ̀rẹ̀. «Ó dùn o!» «Ẹ kú iṣẹ́!» «Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́.» Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè dì mú nínú rẹ̀ kí n fi tún nǹkan ṣe. Láti ìgbàsílẹ̀ 15 ni mo ti yí i padà: ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń béèrè. «Níbo ni ẹ ti gbọ́ pé mo kọsẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìṣẹ́jú àti sẹ́kọ́ǹdì rẹ̀ fún mi.» Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó ń ta gìtá ní ìjọ wọn lápá ọjà Wàndó, dá mi lóhùn láàárín wákàtí kan: «0:22, 0:41, 1:03. Ibì kan náà ni.» Kọ́ọ̀dù fà ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ní kí n má gbé ìka jìnnà sí okùn, kí n sì gé kọ́ọ̀dù méjèèjì náà sọ́tọ̀, kí n fi orin tó kù sílẹ̀. Mo gbé aago orin, èyí tó ń ka ìlù fún mi, sí ìlù 50 ní ìṣẹ́jú kan, ìlù mẹ́rin lórí dó, mẹ́rin lórí fà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ní ìgbàsílẹ̀ 24, mo ti dé 72, ìdúró yẹn sì ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mú ohun kan nínú àkọsílẹ̀ mi, kí ó mú ìbéèrè oníṣẹ́jú-àti-sẹ́kọ́ǹdì yẹn.

(Okùn kìíní já lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò rí i rà ní Kétu, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dúró kí ó tó ti Àjàṣẹ́ dé. Lionel Loueke, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ayé mọ̀ lónìí nídìí gìtá jáàsì, ti sọ pé òun fi okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe okùn gìtá rí nígbà tí kò sí owó. Ìyẹn ni mò ń rò títí okùn mi fi dé.)

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Onílù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, onílù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 pé ó wà lára àjogúnbá tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé, ìlù ti wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́tipẹ́. Wọn ò fọwọ́ kan gìtá rí. Mo gbé ìgbàsílẹ̀ 31 lọ bá wọn, inú mi dùn sí i, mo sì kúnlẹ̀ gbé fóònù sétí wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán pátá.

«Ó ń sáré. Kò sẹ́ni tó máa lè jó o.»

Mo ní, «Bàbá, mo fi aago ta á ni.»

«Aago yẹn, ìwọ nìkan lo ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Àwa tí à ń gbọ́ ẹ ńkọ́, ibo ni ká fẹsẹ̀ lé?»

Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ilé, wọ́n ń fi lu ẹsẹ̀ àga: ọ̀nà agogo, ìlù méje tí wọ́n fọ́n sínú àyè méjìlá. Wọ́n ní nídìí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, irin ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìlù gẹ́lẹ́, àti pé agogo ni gbogbo wọn jọ ń dì mú. «Fi agogo sẹ́sẹ̀ rẹ.»

Mo padà sílé lọ gbọ́ 31 lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ ni mo tẹ́tí sí lọ́tẹ̀ yìí. Fóònù ti gba ìró sálúbàtà mi lórí sìmẹ́ńtì: pà, pà, pà, pà, ó wá dákẹ́. Pà, pà, ó tún dákẹ́. Gbogbo ibi tí ọwọ́ bá ti níṣòro ni ẹsẹ̀ ń dúró, nígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀, á ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ yìí kan náà ló ń tẹ máṣíìnì láti àárọ̀ di alẹ́, kì í sì í sáré tí mo bá ń rán etí aṣọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mi ò fọwọ́ kan gìtá, mo kàn ń tẹ máṣíìnì, mo ń fi ẹnu pe agogo. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé gìtá padà.

Ohun tí mò ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ ni òwe kan, tí mo fẹ́ kí okùn sọ láìsí ẹnu: «Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.» Orí okùn kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Irin kìíní, dó, ni «I». Màá wá fi ìka òrúka lu irin kẹta, rè, láìtún okùn ta, ìyẹn ni «lé». Ohùn gòkè, ilé nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní Àjàṣẹ́ gbọ́ ìgbàsílẹ̀ 43 àti 44, ó ní ó mọ́. Bàbá Onílù gbọ́ 44, wọ́n gbójú sókè.

«Ilẹ̀ kẹ̀? Ilé ni wọ́n ń pa á.»

Mo dín ìyára ìgbàsílẹ̀ náà kù lórí fóònù sí ìdajì, mo sì gbọ́ ọ kedere. Ìka ìtọ́kasí ń kánjú kúrò lórí irin kìíní kí ìka òrúka tó balẹ̀, okùn á dún lófìfo, ohùn tí à ń pè ní «sì», tó rẹlẹ̀ ju dó lọ, á jáde, ohùn á já wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ gìtá, kò ní àṣìṣe kankan láti tọ́ka sí níbẹ̀. Onílù gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo nílò àwọn méjèèjì, mi ò sì ní fi ọ̀kan rọ́pò èkejì mọ́.

Ìgbàsílẹ̀ 48 wá nìyí: aago orin ní 66, agogo lẹ́sẹ̀, ìka ìtọ́kasí dúró títí rè fi dún. «Ilé» jáde lẹ́ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún. Ìkẹta ni ó ṣì ń di ilẹ̀, ní 0:37. «Kẹ́ṣọ̀ọ́» kò tíì mọ́, okùn kẹta ń ha lórí irin níbẹ̀. Mo gbé e lọ bá Bàbá láàárọ̀ yìí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Kí ó tó dé ìdajì, wọ́n ti gbé ṣíbí sílẹ̀, ìka wọn ń lu etí àwo, méje nínú méjìlá, wọn ò sì dá a dúró títí tí okùn fi dákẹ́.

«Tún un gbé sí i,» ni wọ́n wí.