Ọdẹ kọ́ ló ń lọ

Mo mọ̀ pé àwàdà ni, síbẹ̀ inú ń bí mi. Madam ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó rò pé mo ti sùn, ló bá ní "Ó ń kó kúrò nílé ni jàre, ọdẹ kọ́ ló ń lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Òní ò ní nǹkan kan nínú, mo ṣiṣẹ́, mo ta ọfà díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, òjò lé mi wọlé.

Kó kúrò nílé kẹ̀! Ṣé ó mọ ibi tí à ń lọ fi ọfà ṣọdẹ elk (ẹranko bí àgbọ̀nrín ńlá) ṣá? Weminuche, igbó ńlá kan tí ìjọba dáàbò bò lórí òkè San Juan ní Colorado níbí, mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá wọn ò gbà, àfi ẹsẹ̀ ẹ tàbí ẹsẹ̀ ẹṣin, ibi tá a fẹ́ pàgọ́ sí ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ, nínú oṣù kẹsàn-án oòrùn á máa ta ẹ́ lọ́sàn-án, tó bá dòru omi inú ike ẹ lè dì gan-in. Kí n má kó nǹkan ìbora ni?

Mo ṣáà lọ gbé báàgì lé sìkéèlì. Pọ́n-ùn 54, omi ò tíì sí níbẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n.

Ẹrù àlọ gan-an kọ́ ni wàhálà o, àbọ̀ ni. Akọ elk kan lè tó pọ́n-ùn 700, tẹ́ ẹ bá yọ egungun, ẹran tó kù lè lé ní 200, òfin ò sì gbà kẹ́ ẹ fi ẹran tó ṣe é jẹ sílẹ̀ nínú igbó, ẹ̀yìn yín lẹ máa fi gbé e jáde, lọ bọ̀ lọ bọ̀. Ìdí tí mi ò fi ra báàgì ọ̀pọ̀ nìyẹn, kí ẹrù lè jókòó síbàdí, kó má fa èjìká èèyàn ya. Ìyẹn ò ṣe é yọ. Orí ọfà náà, èyí tí abẹ ẹ̀ dúró sójú kan ni mo mú, nǹkan tó ń ṣí lè kọ̀ láti ṣí. Ike ìyẹ̀fun kékeré tá a fi ń wo atẹ́gùn ńkọ́? Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, láàárọ̀ atẹ́gùn ń sọ̀ kalẹ̀, tí oòrùn bá ràn á tún máa gòkè, elk á gbóòórùn ẹ kó o tó rí i.

Àmọ́ ṣòkòtò mẹ́ta? Àwọn ọdẹ ilé wa, ìbọn, àpò, àdá, iná orí, wọ́n ti wọgbó. Àwọn yẹn ò sùn nínú yìnyín ṣá.

Bọ̀ọ̀dá T ní kí n gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi, kó lè fúyẹ́. Ẹ gbọ́ ná.

Mo yọ ṣòkòtò kan, mo yọ àga kékeré yẹn (ó dùn mí o), ó di 49. Mo fi gàrí sí i, ó di 51. Tí gàrí bá wà, kí ni mò ń fi sítóòfù ṣe? Àmọ́ gàrí olómi tútù nínú òtútù yẹn… mi ò mọ̀, ó ti rẹ̀ mí, ó dọ̀la.