Ìgbà Tí Ajalèlókun Dé Ouidah

Láti Kútọnu sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú lọ sétí òkun ni gbogbo àlejò máa ń tọ̀, kìlómítà 4, títí dé Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n kọ́ sétí òkun láti fi ṣèrántí àwọn ẹrú náà. Èmi náà tọ̀ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ajalèlókun kan ló gbé mi débẹ̀: Bartholomew Roberts, ọmọ Wales, tó yọ sí wọn níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1722.

Ẹ ti gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń pọ́n àwọn ajalèlókun lé: pé wọ́n fẹ́ràn òmìnira, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo dúdú àti funfun. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Nínú ọkọ̀ Roberts, gbogbo wọn ló ń dìbò, wọn kì í ta tẹ́tẹ́ olówó, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń pa iná. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gé, owó gbà-má-bínú ń bẹ fún un. (Iléeṣẹ́ mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí?)

Ouidah kò ní èbúté. Ìgbì ibẹ̀ le. Ojú mi ló ṣe dá ọkọ̀ apẹja kan padà sórí iyanrìn lẹ́ẹ̀mejì, tí omi kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ńlá fi máa ń dúró lókèèrè, tí wọ́n á fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrú lọ bá a. Ibẹ̀ ni Roberts ká ọkọ̀ ẹrú 11 mọ́. Ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi eruku wúrà, ìwọ̀n pọ́n-ùn 8, ra tirẹ̀ padà. Wọ́n san án, àwọn kan sì gba rìsíìtì. Orúkọ yẹ̀yẹ́ làwọn olè kan fi buwọ́ lu díẹ̀ nínú rẹ̀!

Ọ̀gá ọkọ̀ Porcupine kọ̀ jálẹ̀. Roberts ní kí wọ́n kó àwọn ẹrú kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sun ún, àmọ́ títú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ti pẹ́ jù lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà pẹ̀lú èèyàn 80 nínú, tí wọ́n dè ní méjì-méjì. Àwọn tó bẹ́ sómi, ẹja ekurá fà wọ́n ya.

Lóṣù kejì, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Swallow, lé Roberts bá nítòsí Cape Lopez ní Gabon, ìbọn ńlá sì pa á. Wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Cape Coast, ní Gánà òní, wọ́n dájọ́, wọ́n sì yẹgi fún 52. Àwọn dúdú tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bí 70, tí wọ́n ní ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n tà wọ́n sóko ẹrú ni.