Kí ló dé tí o ò sọ fún mọ́mì ẹ?

Lánàá ní Kubwa, l'Abuja, àbúrò mi gbé àmàlà ka iwájú ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún 15, ó kàn ń fìka tọ́ ọ títí tó fi tutù. Ìyá ẹ̀ ní fóònù ló ń dà á láàmú. Èmi ò gbà o, torí mo ti ka ìwádìí tí Guy Diamond, onímọ̀ nípa ìrònú ọkàn, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe ní Philadelphia, wọ́n gbé e jáde ní 2010, ọmọ 66 tó ń ronú àtipa ara wọn, àwọn tí wọ́n kó àwọn àti òbí wọn jókòó pọ̀ fún ìtọ́jú, èrò yẹn yára fúyẹ́ lọ́kàn wọn ju àwọn tó kù lọ. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ló wọ̀ mí lára: nígbà tí ayé sú ẹ tó báyẹn, kí ló dé tí o ò lọ bá òbí ẹ?

Níbí ńkọ́, Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ṣì ní ẹni tó bá gbìyànjú àtipa ara ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, ta ló fẹ́ yanu?

Mo bi ọmọ náà ní tààrà bóyá ó ń ronú àtipa ara ẹ̀, bíbéèrè kì í gbìn ín síni lọ́kàn. Ó dákẹ́ títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ má sọ fún mọ́mì." Mo ní rárá, a jọ máa sọ fún un ni. Mo sùn síbẹ̀ mọ́jú. Tó bá di Mọ́ńdè, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ rí dókítà.